Ta Ló Ní Kí Wọ́n Yí Ọ̀rọ̀ Aṣínà Mi Padà?

Àǹtí mi kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Láti ìgbà tí ọjà ti bọ́ sórí Instagram, fóònù wọn ti di ìsọ̀ kejì. Ní ìdájí ọjọ́ kan, kí n tó jí, Àǹtí ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ya ojú fóònù wọn níbi tí ímeèlì kan ti ń sọ pé ẹnìkan fẹ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì wọn padà, pé tó bá jẹ́ àwọn ni, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì búlúù tó wà nísàlẹ̀. Ohùn wọn tẹ̀ lé àwòrán náà: "Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ pé mo fẹ́ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù o. Ṣé òótọ́ ni, àbí àwọn oní-gbájúẹ̀ ni? Tètè dá mi lóhùn, mi ò tíì fọwọ́ kàn án."

Mo wo àwòrán náà títí, n kò rí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Orúkọ tó wà lókè lẹ́tà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Àmì Instagram tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè dà á kọ. Ibi tí bọ́tìnnì búlúù yẹn ń gbéni lọ nìkan ni ì bá là mí lójú, ẹ̀yìn bọ́tìnnì ló sì wà. Àwòrán kò ní ẹ̀yìn.

Ìbéèrè Àǹtí kì í ṣe tiwọn nìkan. Ìmọ̀ràn lórí rẹ̀ pọ̀ bí ewé rúmọ̀: nínú ìwé ìròyìn, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, lẹ́nu àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà. Mo ti ń gbé wọn yẹ̀ wò fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ti gbó, àwọn kan sì wà tí ń ṣini lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ gan-an. Bí èèyàn bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, tó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Forgot password" sí, àdírẹ́sì ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Wọn ò mọ̀ bóyá onílé ló ń tẹ̀ ẹ́ tàbí àlejò. Wọ́n á ṣe líǹkì kan, tí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ṣeé méfò wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àpótí ímeèlì tí wọ́n mọ̀ mọ́ àkáǹtì náà. Ẹni tó bá lè ṣí àpótí yẹn ni wọ́n kà sí onílé. Líǹkì náà kì í pẹ́ kú, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ wà bó ṣe wà.

Ìyẹn ni pé ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì yín lè jókòó sí Kútọnu tàbí Kánádà, kó mú kí lẹ́tà ojúlówó já lé yín lọ́wọ́. Kíkan ló kan ilẹ̀kùn, kò tíì wọlé. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní èrò ibi lọ́kàn. Adébáyọ̀ mélòó ló wà láyé? Èyí tó wà ní Houston gbàgbé pé nọ́ńbà kan wà ní ìparí àdírẹ́sì tirẹ̀, ó kọ ọ́ láìsí nọ́ńbà, lẹ́tà tirẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ Adébáyọ̀ tó wà ní Òṣogbo. Àwọn ọ̀daràn náà wà, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdírẹ́sì tó ti jò síta jọ, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ní ènìyàn nínú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń rán an nítorí pé olè ti jà á.

Yahoo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, ó kéde pé wọ́n ti jí ìsọfúnni àkáǹtì tó tó mílíọ̀nù 500 kó ní 2014. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó ní òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní 2013, ó lé ní bílíọ̀nù kan. Ní oṣù Kẹwàá 2017, ó jẹ́wọ́ pé gbogbo àkáǹtì tó wà nígbà náà ni, bílíọ̀nù mẹ́ta. Àwa tí a ṣí àkáǹtì Yahoo nínú sàíbà-kàfé, tí a ń sanwó wákàtí kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa ló kàn. Ẹ sì wo bọ́rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa: orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ti di orúkọ jìbìtì lẹ́nu wa tipẹ́. Kí lẹ́tà wá dé, kó ní láti ọ̀dọ̀ Yahoo lòun ti wá, pé olè ti mú ọ̀rọ̀ aṣínà yín, kí ẹ yí i padà! Ojúlówó lẹ́tà ni, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́?

Ìtàn tí mo máa ń lò láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 2016, irú lẹ́tà yìí wọ àpótí ímeèlì John Podesta, alága ìpolongo ìbò Hillary Clinton tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ ọ́ bíi pé Google ló ti wá: ẹnìkan ní Ukraine ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ gbìyànjú láti wọlé, Google ti dá onítọ̀hún dúró, kí Podesta tètè pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò sáré tẹ̀ ẹ́ o. Ohun tí Àǹtí mi ṣe gan-an ni wọ́n ṣe, wọ́n fi lẹ́tà náà han ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Charles Delavan ni onítọ̀hún. Ó kọ èsì padà pé lẹ́tà náà jẹ́ "legitimate", ìyẹn ojúlówó. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé àṣìtẹ̀ ni, pé "illegitimate" lòun fẹ́ kọ. Álífábẹ́ẹ̀tì méjì péré ló fò.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń dúró sí, wọ́n á mirí, wọ́n á ní ẹ ò rí i. Èmi máa ń ka èsì yẹn dé ìsàlẹ̀. Nínú èsì kan náà, Delavan ní kí Podesta pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó fi ààbò kejì kún un, ó sì kọ ojú ọ̀nà Google tòótọ́ sí i fún wọn: myaccount.google.com. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n gbà, ì báà jẹ́ òótọ́ ni lẹ́tà, ì báà jẹ́ irọ́, nǹkan kan kì bá tí ṣe wọ́n. Bọ́tìnnì inú lẹ́tà ni wọ́n padà lọ tẹ̀. Líǹkì kúkúrú ti Bitly ló wà lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ibi tó ń lọ. Ímeèlì tó lé ní 50,000 bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó rán lẹ́tà náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, WikiLeaks bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn síta nígbà tí ìbò ku oṣù kan. Ní oṣù Keje 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun Rọ́ṣíà 12 lórí ọ̀rọ̀ náà.

Delavan ṣì wọ́n lọ́nà nípa lẹ́tà, ó fọ̀nà tó tọ́ hàn wọ́n nípa ibi tí wọ́n máa gbà. Ọ̀nà yẹn ni ì bá gbà wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé "ṣé ojúlówó ni?" kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Síbẹ̀, àwọn èèyàn á béèrè rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀.

Gírámà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa. Wọ́n ní ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, bó bá ti wọ́gọ, ayédèrú ni. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tó kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2012, Cormac Herley, olùṣèwádìí ní Microsoft, kọ ìwé kan tó fi béèrè ìdí tí àwọn onígbájúẹ̀ Nàìjíríà fi ń sọ pé Nàìjíríà làwọn ti ń kọ̀wé, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ayé ti mọ ìtàn náà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé asẹ́ ni. Ẹni tó bá lójú inú á rẹ́rìn-ín, á sì pa lẹ́tà náà rẹ́. Ẹni tó bá ṣì fèsì lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ẹni tí onígbájúẹ̀ lè bá jókòó fún oṣù mẹ́ta láìfi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Àmọ́ ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní ohun tó fẹ́ bá yín jókòó sọ. Títẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wá. Asẹ́ kò wúlò fún un, gbogbo ẹja tó bá wọ àwọ̀n ló fẹ́. Nítorí náà, á ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, á béèrè lẹ́tà ojúlówó, á dà á kọ láìyọ àmì kan, á wá yí líǹkì inú rẹ̀ nìkan padà. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT sì ti dé, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa náà ti di akọ̀wé. Ẹ gbàgbé gírámà.

Wọ́n ní ká wo orúkọ ẹni tó rán an. Èyí sàn díẹ̀, àmọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Òfin tí ímeèlì fi ń rìn, tí Jon Postel kọ sílẹ̀ ní 1982, kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bí ẹ bá kọ "Láti Ààfin Ọ̀yọ́" sẹ́yìn àpò ìwé kan, ilé ìfìwéránṣẹ́ á bá yín gbé e, wọn ò ní lọ bi Aláàfin. Lórí fóònù, ó tún wá burú sí i, torí orúkọ nìkan ló máa ń hàn; kí ẹ tó rí àdírẹ́sì gan-an, ẹ ní láti tẹ orúkọ náà. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ̀rù tún lè bà yín lórí èyí tó dáa. Facebookmail.com, tó jọ ti gbájúẹ̀ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, Facebook ló ni ín. Lẹ́tà ààbò Microsoft náà ń ti ibì kan tí wọ́n ń pè ní accountprotection.microsoft.com wá. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fúnra wọn ló kọ́ wa ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí, kí wọ́n má dá wa lẹ́bi.

Kì í ṣe pé wọn ò tún un ṣe. Àbùlẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí aṣọ náà. SPF ni ìwé tí onílé lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó fi sọ kọ̀ǹpútà tó lè máa bá òun rán lẹ́tà. DKIM ni òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ lẹ́tà, tó máa bàjẹ́ bí ẹnìkan bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. DMARC ló ń sọ ohun tí ẹni tó gba lẹ́tà yóò ṣe bí méjèèjì kò bá bá orúkọ iwájú lẹ́tà mu. Láti oṣù Kejì 2024, Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́; lọ́dọ̀ Google, ìyẹn ni 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí ẹ bá ṣí Gmail lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ tẹ "Show original", ẹ ó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "PASS" sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá yege. Èmi máa ń wò ó. Mi ò lè sọ fún ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú pé kó máa wò ó.

Òǹtẹ̀ pàápàá, ó ní ibi tó mọ. Ní oṣù Kẹrin 2025, Nick Johnson, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún Ethereum Name Service, tó jẹ mọ́ owó orí kọ̀ǹpútà, fi lẹ́tà kan tó rí gbà han aráyé. Ó ti no-reply@google.com wá, òǹtẹ̀ Google wà lórí rẹ̀, pípé ni òǹtẹ̀ náà pé. Ayédèrú sì ni. Ohun tí àwọn ọ̀daràn náà ṣe nìyí: wọ́n ṣí áàpù kan lọ́dọ̀ Google, wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ irọ́ wọn sí àyè orúkọ áàpù, wọ́n jẹ́ kí Google fúnra rẹ̀ fi ìkìlọ̀ ààbò tó ní orúkọ náà nínú ránṣẹ́ sí àkáǹtì tiwọn, Google tẹ òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n wá ń pín in káàkiri bó ṣe wà. Líǹkì inú rẹ̀ gbéni lọ sí sites.google.com, níbi tí Google ti ń gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ́ ojú ewé tirẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo kan sárá sí wọn kí n tó bínú.

Àgádágodo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì nínú bíráúsà, mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ohun tí ẹ̀yin àti ojúlé yẹn jọ ń sọ. Kò sọ pé ẹni tó wà níbẹ̀ kì í ṣe olè. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń rí i gbà. Chrome yọ ọ́ kúrò ní 2023 torí ó ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Líǹkì gan-an ló yẹ kéèyàn dúró tì. Lórí fóònù, bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò, yóò fi ibi tó ń lọ hàn yín kó tó lọ. Ẹ wá kà á bí a ti ń ka orílẹ̀ ènìyàn, ìparí ni agboolé wà. Ẹ wo sláàṣì ẹyọ kan tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé orúkọ náà, kí ẹ wá máa kà bọ̀ sẹ́yìn, sọ́wọ́ òsì. Ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn kó tó kan sláàṣì yẹn ló sábà máa ń jẹ́ onílé. Nínú "accounts.google.com.ayederu-ile.net", Google kọ́ ni onílé, àlejò tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ayederu-ile.net ni baálé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà á láti òsì, wọ́n rí google.com, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiwa nínú èyí. Ní oṣù Kẹta 2018, Binance, tó ń ṣe òwò owó orí kọ̀ǹpútà, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n ṣe jí ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ojúlé ayédèrú náà jọ binance.com délẹ̀délẹ̀, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni àmì kékeré lábẹ́ lẹ́tà méjì. Àmì ìsàlẹ̀! Ohun tí a ti ń bá àwọn atẹ̀wé jà lé lórí fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, tí wọ́n ń sọ fún wa pé kò ní láárí, pé ẹni tó bá mọ Yorùbá á kà á láìsí i, òun ni àwọn olè lò. Bí ìlà bá tún wà lábẹ́ líǹkì, bó ti sábà máa ń rí, ìlà náà á bo àmì mọ́lẹ̀. Àwọn bíráúsà ti ń gbìyànjú láti tú àṣírí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fi "xn--" hàn níwájú rẹ̀ dípò àmì. Bí ẹ bá rí "xn--" níbi tí ẹ ti ń retí orúkọ báńkì yín, ẹ jáde níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ tí mo ka sí ju gírámà lọ. Ẹ wo ohun tó ní kí ẹni tí kò béèrè ṣe. Lẹ́tà ojúlówó máa ń sọ pé: bí kì í bá ṣe ìwọ lo béèrè, má dá a lóhùn. Kò nílò yín. Ayédèrú kò lè sọ bẹ́ẹ̀, torí bí ẹ kò bá dá a lóhùn, ebi ló máa pa á. Yóò ní: bí kì í bá ṣe ìwọ, tètè tẹ ibí kó o fi dá a dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àkáǹtì rẹ yóò lọ. Ìka tó ń bẹ̀rù ló ń wá. Mi ò sọ pé òfin tí kò ní àfi nìyí. Instagram fúnra rẹ̀ máa ń fi líǹkì kékeré kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà tirẹ̀ pé bí kì í bá ṣe ìwọ, jẹ́ kí a mọ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí "ṣé ojúlówó ni?" tó wa: lẹ́tà lè jẹ́ ojúlówó, kí ewu sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, akọ̀ròyìn Brian Krebs kọ ìtàn àwọn kan ní Amẹ́ríkà tí fóònù Apple wọn ń dún léraléra, ó ń béèrè bóyá wọ́n gbà kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà. Ọ̀dọ̀ Apple ni ìbéèrè náà ti ń wá lóòótọ́. Àwọn ọ̀daràn ló ń béèrè rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ kó lè sú onífóònù, kó tẹ "Allow" kí ariwo lè tán. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan á pè é, nọ́ńbà Apple á hàn lójú fóònù, ohùn jẹ́jẹ́ á ní a rí i pé wọ́n ń dà yín láàmú, ẹ bá wa ka kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Lọ́dọ̀ wa, a ti mọ ọmọ ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n ti gba àkáǹtì rẹ̀ á kọ̀wé pé òun ṣèèṣì fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun dá a padà. Kóòdù yẹn, WhatsApp ló fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e fún olè. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, gbogbo mọ̀lẹ́bí ti ń rí lẹ́tà lórúkọ yín pé ẹ nílò owó kíákíá.

Ọ̀rọ̀ láìnì tún wà. Àwọn tó ti rìnrìn àjò lọ sí London tàbí Dallas, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Nọ́ńbà Nàìjíríà tí ẹ fi ṣí àkáǹtì, tí síìmù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, bí ẹ kò bá lò ó fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù lè gbà á kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á kò ṣẹ̀ yín. Àmọ́ bó bá fẹ́ ṣí Facebook pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, tó bá àkáǹtì yín níbẹ̀, kóòdù tó ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà á máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ yọ nọ́ńbà yẹn kúrò kí ẹ tó ka ìwé yìí tán.

Ó sì yẹ ká fi ìyàtọ̀ sí lẹ́tà méjì tí àwọn èèyàn ń dà pọ̀. "Ẹnìkan béèrè pé kí a yí i padà" kò jọ "a ti yí i padà." Èyí àkọ́kọ́ lè dúró di ọ̀sán. Èkejì kò lè dúró, bí ó bá jẹ́ òótọ́, olè ti wọlé. Bí ó bá sì ti wọlé, àpótí ímeèlì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo àkáǹtì yòókù ń bọ́ sí. Ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣí i, ẹ wo bóyá ẹnìkan ti pàṣẹ fún un láti máa fi ẹ̀dà lẹ́tà yín ránṣẹ́ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ló ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà tí wọ́n fojú fo àṣẹ yẹn.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀, bí ẹ kò bá tẹ líǹkì? Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tiyín. Bí ẹnìkan bá dúró níwájú géètì tó ní òṣìṣẹ́ iná mànàmáná lòun, nọ́ńbà tó wà lára káàdì tó kó sọ́rùn kọ́ lẹ máa pè, nọ́ńbà tó wà lára bíìlì oṣù tó kọjá ni. Ẹ ti lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣí áàpù fúnra yín, tàbí kí ẹ fọwọ́ yín tẹ àdírẹ́sì. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá wà, á máa dúró dè yín níbẹ̀. Láti 2019 ni Instagram ti ní ibì kan nínú sẹ́tìńgì tó ti ń to lẹ́tà ààbò tó fi ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ 14 sẹ́yìn, wọ́n kọ "Recent emails" síbẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá sí níbẹ̀, kì í ṣe tiwọn. Facebook náà ní irú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kéré tó. Ẹni tó bá sì wà ní Britain lè darí lẹ́tà tó fura sí lọ sí report@phishing.gov.uk, ìjọba ibẹ̀ ló ń gbà á láti 2020.

Áàpù tó ń bá èèyàn tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà náà dára, ìdí rẹ̀ sì ju pé ó ń bá wa rántí lọ. Ojúlé ló mọ̀, kò mọ ojú. Bí ojú ewé bá jọ ti báńkì yín bí ìbejì, tí ojúlé rẹ̀ bá yàtọ̀, kò ní fi ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Troy Hunt mọ èyí ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Òun ló dá Have I Been Pwned sílẹ̀ ní 2013, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò bóyá olè ti kó ìsọfúnni wọn. Ní oṣù Kẹta 2025, ó wà ní London, oorun ìrìn àjò ń kùn ún, lẹ́tà kan dé tó ní Mailchimp, tó fi ń rán ìwé sí àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ti fi ìdínà sí àkáǹtì rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Áàpù tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kọ̀, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Àdírẹ́sì bí 16,000 ló lọ kó tó mọ ohun tó ṣe, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà láìfi bò. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Google ní tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ojú òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́: ó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, tí kì í dáhùn bí kì í bá ṣe ojúlé tòótọ́ ló pè é. Ní 2018, ó sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 tí òun ti fi dandan lé e, kò sí ìkankan nínú òṣìṣẹ́ òun tó lé ní 85,000 tí wọ́n rí àkáǹtì iṣẹ́ rẹ̀ gbà nípa ẹ̀tàn. "Passkey" tí fóònù wa ń fi lọ̀ wá lónìí, àbúrò kọ́kọ́rọ́ yẹn ni.

Mo pe Àǹtí padà. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà sílẹ̀, kí wọ́n ṣí Instagram fúnra rẹ̀. Ó gbà wá ní ogún ìṣẹ́jú kí a tó dé "Recent emails", torí àwọn oníbàárà ń pè wọ́n lórí ìlà kejì. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Ojúlówó ni. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ iṣẹ́ wọn tó ń bá wọn gbé àwòrán aṣọ sórí Instagram ló jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn: fóònù ìsọ̀ kú lálẹ́ àná, nígbà tó tàn án padà, Instagram ní kó wọlé ní ọ̀tun, kò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà, ó tẹ "Forgot password," ó sì lọ sùn.

Àǹtí yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà láàárọ̀ yẹn, láti inú áàpù. Nígbà tí mo dé Ìtòkú ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo rí i. Wọ́n fi máákà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, wọ́n gbé e kọ́ sí ara ògiri, lókè ibi tí ọmọ iṣẹ́ ń jókòó sí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wo ògiri náà, mo wo àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń ká aṣọ níbẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."